Ọ̀rọ̀ Ìyìn tí ó Di Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gàn: Ìtàn "Egregious"

Ọ̀rọ̀ ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ ní í yọ ọfà lápó. Bí àwọn Yorùbá bá pa òwe yìí, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó máa ń wà lọ́kàn wọn: èyí tí ó tuni lára àti èyí tí ó bíni nínú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-àpèjúwe kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí òun nìkan ti ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Egregious ni ọ̀rọ̀ náà. Kì í wọ́pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Inú ìwé, ìwé ìròyìn àti ilé ẹjọ́ ni a ti sábà ń bá a pàdé.

Èdè Látìn ni orírun rẹ̀. Grex ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pe agbo ẹran. E, tàbí ex, sì túmọ̀ sí "láti inú". Nítorí náà, egregius ni ẹni tí ó yọ láàárín agbo, bí àgbò ńlá tí ojú kò lè fò dá láàárín àgùntàn yòókù. Ọ̀rọ̀ náà níyì tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di oyè ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Jésù, fún àwọn ìjòyè kan tí ń bójú tó ìnáwó àti ìṣàkóso fún Késárì. Láti inú grex kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí congregation, èyí tí í ṣe ìjọ àwọn tí a kó sínú agbo, àti segregation, èyí tí í ṣe yíya àwọn kan sọ́tọ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni egregious wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìyìn ni ó sì bá wọlé. Síbẹ̀ ọ̀rúndún náà kò tíì parí tí a fi ń lò ó fún ohun búburú. Ẹ̀fẹ̀ ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó ṣeé ṣe kí ó fa ìyípadà yìí. Ọgbọ́n náà kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Bí ọmọ bá fọ́ ìkòkò, tí ìyá rẹ̀ sì wí pé, "O káre! O ṣeun!", ọmọ náà mọ̀ pé a kò yin òun. Bí irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá pẹ́ lẹ́nu, ìyìn inú ọ̀rọ̀ náà a ṣá, ẹ̀gàn a sì kù. Nínú eré Cymbeline tí Shakespeare kọ, Posthumus rò pé òun ti mú kí a pa aya òun. Ó sì fi egregious pe ara rẹ̀ ní apànìyàn. Kò sí ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí Samuel Johnson tẹ ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní 1755, ó kọ ìtumọ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó sì sọ pé ti búburú ni ó wọ́pọ̀.

Àwọn èdè mìíràn kò tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì. Ní Ítálì, egregio ni a fi ń bu ọlá fún ẹni tí a kọ lẹ́tà sí. Ní Bràsíìlì, egrégio ni àwọn agbẹjọ́rò fi ń pọ́n ilé ẹjọ́ gíga lé. Ní 1827, Gauss, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, fi èdè Látìn sọ àwárí rẹ̀ kan ní Theorema Egregium. Ó fi hàn pé a lè mọ bí ojú ohun kan ti tẹ̀ tó nípa wíwọn orí rẹ̀ nìkan, láìkúrò lórí rẹ̀. Èyí ni kò fi sí àwòrán ayé lórí ìwé pẹlẹbẹ tí gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ lè pé. Ẹni tí ó bá mọ Gẹ̀ẹ́sì òde òní nìkan yóò rò pé ọkùnrin náà ń bú iṣẹ́ ara rẹ̀.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka lẹ́tà àtijọ́, níbi tí ẹnìkan ti fi ọ̀rọ̀ yìí yin ọ̀gá rẹ̀, lè sọ ẹni iyì di ọ̀daràn. Ògbufọ̀ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. "Ògbóǹtarìgì" jọ ọ́, ṣùgbọ́n kò tíì yan apá kan: a ń wí pé ògbóǹtarìgì oníṣègùn, a sì ń wí pé ògbóǹtarìgì olè. Egregious òde òní ti yan apá tirẹ̀. "Tí ó burú jáì" ni ó bá a mu. Ti àtijọ́ ni "tí ó ta ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ" yẹ fún. Ó tọ́, nígbà náà, kí ẹni tí ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, ìbáà ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Yorùbá, máa kọ ìgbà tí ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lẹ́nu àwọn ènìyàn mọ́ ìtumọ̀ náà.