Ọkọ̀ Tuntun Tí Ẹ Ní Kí Fáktírì Ṣe fún Yín: Ìdí Tó Fi Ń Pẹ́, àti Ohun Tí Ẹ Lè Ṣe

Ta ni ìwé yìí wà fún?

Ìwé pélébé yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí ẹ fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù tuntun fún iṣẹ́ tàbí fún ẹbí, tí dílà sì sọ fún yín pé irú èyí tí ẹ fẹ́ kò sí nílẹ̀, àfi kí fáktírì ṣe é. Ó wà pẹ̀lú fún ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó sílẹ̀, tí ẹ ti ń retí ọkọ̀ láti oṣù mélòó kan, tó jẹ́ pé èsì kan náà ni wọ́n ń fún yín nígbàkígbà tí ẹ bá pè: "Ó ń bọ̀ lọ́nà."

Ẹ kò lè mú kí fáktírì yára, dílà náà kò sì lè ṣe é. Ṣùgbọ́n owó tí ẹ san sílẹ̀, iye tí ẹ máa ra ọkọ̀, àti ọjọ́ tí ẹ lè sọ pé ẹ kò ṣe mọ́, ọwọ́ yín ni gbogbo ìyẹn máa wà bí ẹ bá rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kí owó tó kúrò lápò yín.

Ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín

Dílà tó kọ orúkọ yín sílẹ̀ dà bíi télọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn yín: kò tíì gé aṣọ. Ohun tó kù nìyí:

1. Dílà á fi ohun tí ẹ yàn ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀: àwọ̀, ẹ́ńjìnnì, irú ìjókòó, àti àwọn àfikún mìíràn.
2. Ilé-iṣẹ́ á wò ó bóyá ìpín dílà yẹn ṣì kù. Iye ọkọ̀ kan náà kọ́ ni wọ́n ń fún gbogbo dílà. Èyí tó ń tà púpọ̀ ló sábà máa ń rí púpọ̀ gbà.
3. Bí ìpín bá wà, tí àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà sì wà nílẹ̀, wọ́n á gba iṣẹ́ náà, wọ́n á fi í sí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa ṣe é. Àsìkò yìí ni ọkọ̀ sábà máa ń gba nọ́ńbà VIN, èyí tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17.
4. Fáktírì á ṣe é. Dearborn ní Michigan àti Claycomo ní Missouri ni wọ́n ti ń ṣe Ford F-150.
5. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ̀yà kan bá ṣẹ́kù tàbí tí àléébù bá wà, wọ́n á gbé e pamọ́ sí pápá ìgbọ́kọ̀sí.
6. Ọkọ̀ ojú irin á gbé e lọ sí ìlú tó sún mọ́ yín, tírélà á wá gbé e dé ọ̀dọ̀ dílà.
7. Dílà á tún un yẹ̀ wò, á fọ̀ ọ́, á sì pè yín.

Nítorí náà, ẹ má bi dílà pé, "Ọkọ̀ mi ńkọ́?" Ẹ bi í pé, "Ipele wo ló wà?" General Motors ní nọ́ńbà fún ipele kọ̀ọ̀kan: 3000 ni pé wọ́n ti gba iṣẹ́ náà, 3300 ni pé wọ́n ti fi í sí ètò iṣẹ́, 3800 ni pé wọ́n ti ṣe é tán, 4200 ni pé ó ti gbéra, 5000 ni pé ó ti dé ọ̀dọ̀ dílà. Gbogbo dílà wọn ló lè rí nọ́ńbà yìí lórí kọ̀ǹpútà. Ford ní ojú ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí oníbàárà ti lè fojú ara rẹ̀ wo ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ dé. Ti Toyota yàtọ̀: ní Amẹ́ríkà, wọn kì í sábà gba iṣẹ́ tí oníbàárà kan dá yàn. Ọkọ̀ tó ti wà nínú ìpín dílà, tó sún mọ́ ohun tí ẹ fẹ́, ni wọ́n máa fi orúkọ yín sí.

Kí ló ń fa ìdádúró?

Àìsí ẹ̀yà ara. Ní oṣù kejì ọdún 2021, òtútù líle bá Texas, iná lọ, àwọn fáktírì tó ń ṣe chip, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń darí ohun abánáṣiṣẹ́ inú ọkọ̀, sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní Austin. Ní oṣù kẹta, iná jó fáktírì chip ti Renesas ní Naka, ní ilẹ̀ Jàpáánù. Àìtó chip tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá le sí i, ó sì wọ ọdún 2022. Nígbà tí oṣù kẹfà ọdún 2022 fi parí, General Motors ní nǹkan bí ọkọ̀ 95,000 tí wọ́n ti tò tán àmọ́ tí ẹ̀yà kan tàbí òmíràn ṣẹ́kù lára wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, Ford kéde pé ti àwọn máa wà láàárín 40,000 sí 45,000. Ẹ wá rí i pé "wọ́n ti ṣe é" àti "ó ti kúrò ní fáktírì" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà.

Ìjàǹbá lọ́dọ̀ ẹni tó ń pèsè ohun èlò. Alumíníọ̀mù ni ara Ford F-150 láti mọ́dẹ́ẹ̀lì ọdún 2015. Ní September 16, 2025, iná ṣọṣẹ́ ní fáktírì alumíníọ̀mù Novelis ní Oswego, ìpínlẹ̀ New York, ó sì dí iṣẹ́ Ford lọ́wọ́ ní ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ìyanṣẹ́lódì. Ní September 15, 2023, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UAW bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì sí Ford, General Motors àti Stellantis lẹ́ẹ̀kan náà. Ìparí oṣù kẹwàá ni wọ́n tó fẹnu kò.

Àfikún tí ẹ yàn. Ẹ̀yà kan ṣoṣo tó wọ́n lè dá odindi ọkọ̀ dúró. Ẹ bi dílà èwo nínú ohun tí ẹ yàn ló ń fa ìdádúró. Bí ẹ bá lè yọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ yín bọ́ síwájú.

Ìpè padà fún àtúnṣe. Bí ilé-iṣẹ́ bá ti kéde pé àléébù ààbò wà lára irú ọkọ̀ kan, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gba dílà láyè láti gbé èyí tó jẹ́ tuntun fún oníbàárà kó tó tún un ṣe. Ìdádúró yìí ń bíni nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀mí yín ló ń dáàbò bò. Ẹ má fi ipá gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìparí ọdún mọ́dẹ́ẹ̀lì. Bí fáktírì bá ti parí mọ́dẹ́ẹ̀lì ọdún kan kó tó kan yín, wọ́n lè sún iṣẹ́ yín sí mọ́dẹ́ẹ̀lì ọdún tó ń bọ̀, iye owó sì lè yí padà.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ rí i pé nǹkan wọ̀nyí wà nínú ìwé, pẹ̀lú ìfọwọ́sí dílà:

• Iye tí ẹ máa ra ọkọ̀ náà gan-an. Òfin mú un ní dandan pé kí iye tí ilé-iṣẹ́ dá lé ọkọ̀ tuntun wà lára gíláàsì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kí dílà má tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé àdéhùn nìkan ló lè dá a dúró.
• Ẹni tó máa ru ẹrù náà bí iye owó bá gbéra kí ọkọ̀ tó dé, tàbí bí wọ́n bá sún un sí mọ́dẹ́ẹ̀lì tuntun.
• Ẹ̀dínwó wo ni ẹ máa gbà: ti ọjọ́ tí ẹ kọ orúkọ sílẹ̀ ni, àbí ti ọjọ́ tí ẹ gbé ọkọ̀?
• Bóyá owó àsansílẹ̀ ṣeé gbà padà, àti láàárín ọjọ́ mélòó.
• Ọjọ́ tí wọ́n fojú sọ́nà pé ọkọ̀ máa dé, àti ọjọ́ tí ẹ lè fagi lé e.
• Nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ fún iṣẹ́ náà. Bí dílà kò bá rí i fún yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ṣeé ṣe kó má tíì fi í ránṣẹ́ rárá.

Káàdì credit ló dára jù láti fi san owó àsansílẹ̀. Bí ohun tí ẹ rà kò bá dé bí wọ́n ṣe ṣàdéhùn, òfin àpapọ̀ fún yín láyè láti kọ̀wé ta ko owó náà láàárín ọjọ́ 60 tí ìwé ìṣirò tó gbé e kọ́kọ́ jáde. Ọjọ́ náà tètè ń kọjá níbi iṣẹ́ tó ń gba oṣù púpọ̀, nítorí náà ẹ má gbára lé èyí nìkan.

Àwọn nǹkan mìíràn tí ìdádúró lè kó bá

Ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ fẹ́ fi kún owó: iye tí wọ́n dá lé e lónìí kọ́ ló máa jẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ má tà á kí tuntun tó dé bí ẹ kò bá ní òmíràn tí ẹ lè máa gùn.

Ẹ̀yáwó: ìlérí èlé tí báńkì ṣe ní ọjọ́ tó máa parí. Ẹ dúró kí ọkọ̀ gbéra kí ẹ tó tọrọ rẹ̀.

Owó orí oníṣòwò: ẹ kò lè yọ owó ọkọ̀ kúrò nínú owó orí ọdún kan nítorí pé ẹ ti sanwó rẹ̀. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín, kó sì ti ṣetán fún iṣẹ́, kó tó di òpin December 31.

Ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé: ẹ má sanwó ọkọ̀ ojú omi sí Èkó kó tó di pé ọkọ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ sì ka ìwé dílà dáadáa. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń mú kí oníbàárà fọwọ́ sí i pé òun kò ní gbé ọkọ̀ tuntun kúrò ní Amẹ́ríkà fún àsìkò kan, owó ìtanràn sì wà fún ẹni tó bá rú u.

Bí ọjọ́ bá ti kọjá

Ẹ dẹ́kun pípe fóònù nìkan. Ẹ kọ lẹ́tà tàbí ímeèlì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sí máníjà àgbà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣàdéhùn, nọ́ńbà iṣẹ́ náà, iye tí ẹ san, àti ọjọ́ tí wọ́n ní ọkọ̀ máa dé. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé dá yín lójú pé ọkọ̀ ń bọ̀, kí wọ́n sì sọ ìgbà tó máa dé.

Lẹ́tà yìí ní agbára. Gbogbo ìpínlẹ̀ ló gba apá kejì òfin Uniform Commercial Code lórí ọjà títà, àfi Louisiana tó ní òfin tirẹ̀. Òfin náà sọ pé bí ìwé àdéhùn kò bá dá ọjọ́, láàárín àsìkò tó bọ́gbọ́n mu ni ọjà gbọ́dọ̀ dé. Ó tún sọ pé bí ẹni tó ń rajà bá ní ìdí gidi láti ṣiyèméjì, ó lè kọ̀wé béèrè ìdánilójú. Bí kò bá rí ìdánilójú náà gbà láàárín àsìkò tó yẹ, tí kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 30 lọ, ó lè kà á sí pé ẹni tó ń tà ti yẹ àdéhùn. Àmọ́ ẹ wo ẹ̀yìn ìwé àdéhùn yín: ọ̀pọ̀ dílà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn kò ní jẹ̀bi ìdádúró tó bá wá láti fáktírì.

Ní ìpínlẹ̀ New York, ìwé àdéhùn ọkọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n fojú sọ́nà pé ọkọ̀ máa dé. Bí ọkọ̀ kò bá dé lẹ́yìn ọjọ́ 30 sí ọjọ́ yẹn, tí kì í sì í ṣe ẹ̀yin lẹ fa ìdádúró, ẹ lè fagi lé àdéhùn, kí ẹ sì gba gbogbo owó yín. Ẹ béèrè ohun tí òfin ìpínlẹ̀ tiyín sọ.

Ibi tí ẹ lè fẹjọ́ sùn

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ máníjà àgbà dílà, kí ẹ tó lọ sí ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ti oníbàárà ní ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀. Bí wọn kò bá dá owó àsansílẹ̀ yín padà bí ìwé ṣe sọ, ẹ lọ sí ẹ̀ka ààbò oníbàárà ní ọ́fíìsì Attorney General ìpínlẹ̀ yín, tàbí kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ fún ẹjọ́ owó kékeré, níbi tí ẹ ti lè gba ẹnu ara yín sọ̀rọ̀ láìgba lọ́yà. FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìṣòwò, máa ń gba ẹ̀sùn jìbìtì ní ReportFraud.ftc.gov, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í bá ẹnì kọ̀ọ̀kan gba owó rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín pé òun ní ààyè tó sún mọ́ iwájú láti tà, tàbí pé ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun kí ọkọ̀ lè yára, ẹ má dá a lóhùn. Kò sí ẹni tó ń ta ààyè ní fáktírì.

Ẹ tọ́jú rìsíìtì, ìwé àdéhùn àti ímeèlì gbogbo sójú kan títí ọkọ̀ á fi wà nílé yín. Sùúrù dára, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sùúrù láìní ìwé lọ́wọ́.