Ẹ Má Fi Ọ̀rọ̀ Iyàrá Pamọ́ fún Dókítà

Ẹ̀yin bàbá wa ní Ilo-Awela, bí okun ọkùnrin bá dínkù, ẹ má kọ́kọ́ sáré lọ ra agbo. Ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ló lè máa kìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín. Yóò béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti oògùn tí ẹ ń lò. Yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò. Àṣírí yín ni, kò gbọdọ̀ tú u. Bó bá jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, ẹ má dá a dúró fúnra yín; dókítà lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì ra oògùn agbára bíi Viagra lójú pópó: bó bá pàdé àwọn oògùn àyà kan, ó lè pani. Ìtìjú kì í wo àìsàn sàn.