Wúrà wà ní Johannesburg, Glasgow ló gba páténtì

Ní nǹkan bí ọdún 1890, ọkàn àwọn olówó tó kọ́lé sí Doornfontein kò balẹ̀ mọ́. Àdúgbò yìí ni àwọn ọ̀gá ìwakùsà Johannesburg fi ṣe ibùgbé nígbà náà. Bí kòtò wọn ṣe ń jìn sí i, òkúta tó ń jáde kò rí bíi ti òkè mọ́. Imí-ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, mẹ́kúrì tí wọ́n fi ń fa wúrà yọ kò sì ràn án. Wúrà wà lọ́wọ́, kò ṣeé yọ.

Glasgow, ní Scotland, ni ojútùú ti wá. John Stewart MacArthur, onímọ̀ kẹ́míkà, àti dókítà méjì tí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, Robert àti William Forrest, ti gba páténtì lórí rẹ̀ ní 1887. Wọ́n á lọ òkúta kúnná, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi tí wọ́n po sáyánáìdì díẹ̀ mọ́, wúrà á sì yọ́ sínú omi náà. Wọ́n á wá jẹ́ kí omi yìí ṣàn gba àárín síńkì tí wọ́n fá wẹ́wẹ́, ibẹ̀ ni wúrà á ti lẹ̀ mọ́ síńkì. Iyanrìn tí wọ́n ń dà nù tẹ́lẹ̀ di owó. Àwọn oníwakùsà ń san owó lílò rẹ̀ títí ó fi sú wọn. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé-ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ Transvaal, ilẹ̀ tí Johannesburg wà nínú rẹ̀ nígbà náà, sì fagi lé páténtì náà ní 1896.

Páténtì ni ìwé àṣẹ ìjọba tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ìhùmọ̀ ẹlòmíràn pawó láìgbàyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lónìí, ogún ọdún ló máa ń wà. Ọrọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kọ́ ló ń mú un pọ̀ ní orílẹ̀-èdè kan. Glasgow kò wa wúrà. Ó ní ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà tó ń gba onímọ̀ síṣẹ́, ó ní ilé-ẹ̀kọ́ tó ń tọ́ wọn, ó sì ní olówó tó lè mú sùúrù de èrè.

Ẹ wo Doornfontein ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà. Àwọn olówó ti kó lọ sí Parktown. Àwọn òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ ló kún àwọn àgbàlá tóóró. Ní 1933 àti 1934, onímọ̀ nípa àwùjọ kan, Ellen Hellmann, ṣe ìwádìí nínú ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Rooiyard. Ó bá àwọn obìnrin tó ń po ọtí níbẹ̀. Ọ̀kan nínú ọtí wọn ni skokiaan, tí ìwúkàrà àti ṣúgà ń mú kan kíákíá, torí ọlọ́pàá lè dé nígbàkigbà. Inú ilẹ̀ àgbàlá ni wọ́n ń ri agolo ọtí náà mọ́. Ọgbọ́n àti ìdánwò wà nínú iṣẹ́ yẹn, ìjọba sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Òfin ìwakùsà 1911 ti jẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ onímọ̀ pamọ́ fún aláwọ̀ funfun. Òfin ẹ̀kọ́ 1953 dín ohun tí ọmọ adúláwọ̀ lè kọ́ kù, ti 1959 sì ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn fásitì mọ́ wọn. Ní tèmi, kò sí ohun tó gba ìhùmọ̀ lọ́wọ́ Gúúsù Áfíríkà tó èyí, torí kò sẹ́ni tó lè ka iye ohun tí a kò hùmọ̀.

Lónìí, Yunifásítì Johannesburg ní ọgbà ní Doornfontein, níbi tí ibùdó kan ti ń ran àwọn tó ń rọ irin lọ́wọ́. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2008 ní kí olùwádìí tó lo owó ìjọba gba ó kéré tán ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún láti inú mílíọ̀nù rand àkọ́kọ́ tí ìhùmọ̀ rẹ̀ bá mú wọlé, kó sì gba ọgbọ̀n, ó kéré tán, nínú èrè tó bá tẹ̀ lé e. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa kọ́ ilé-iṣẹ́? Ní yunifásítì yìí kan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Vivian Alberts hùmọ̀ páànù sólà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá fún un. Owó ìwádìí pàápàá kò tó. Láti 1980, nínú ètò ìdàgbàsókè tí wọ́n pè ní Ètò Ìlú Èkó, ni àwọn olórí Áfíríkà ti sọ pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé yẹ kó máa lọ sórí ìwádìí. Gúúsù Áfíríkà pàápàá kò tíì dé ibẹ̀. South Korea ń ná tó nǹkan bí ìdá márùn-ún.

Iye páténtì nìkan sì lè tanni jẹ. Ní oṣù Keje 2021, Gúúsù Áfíríkà fún ìhùmọ̀ kan ní páténtì, orúkọ ẹ̀rọ, DABUS, ló sì wà níbi tó yẹ kí orúkọ olùhùmọ̀ wà. Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kọ̀ ọ́. Ọ́fíìsì Gúúsù Áfíríkà kì í yẹ ìhùmọ̀ wò fínnífínní kó tó fọwọ́ sí i, ìwé nìkan ló ń wò. Bákan náà ni òfin Nàìjíríà ti 1970: ìjọba kò fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tó wà nínú páténtì jẹ́ tuntun. Àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ló sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú páténtì Gúúsù Áfíríkà.

Ní 2018, ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí ìlànà tuntun pé kí àyẹ̀wò gidi bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó máa ṣe é gbọ́dọ̀ mọ kẹ́míkà, ẹ̀rọ àti oògùn dójú àmì. Àwọn yìí kan náà ni yàrá ìwádìí ń wá, tí ilẹ̀ òkèèrè náà ń nawọ́ sí.