Bí Fọ́nrán Ìjínigbé Ṣe Ń Dá Ọgbẹ́ Sí Ọkàn

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Àbújá bọ̀ wá sí ìlú Kàdúná. Ó kéré tán, ènìyàn 8 pàdánù ẹ̀mí wọn, wọ́n sì kó àwọn èrò tó lé ní 60 wọ igbó lọ. Nígbà tó di oṣù keje, fọ́nrán kan jáde níbi tí àwọn ajínigbé ti ń na àwọn tó wà ní ìgbèkùn wọn ní ẹgba, ó sì tàn káàkiri lórí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́.

Àwọn mọ̀lẹ́bí kò lè ta kété sí fóònù wọn. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń retí ìròyìn ìtúsílẹ̀, orí rẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń gbọ́ igbe èèyàn wọn. Ẹni tó fi fọ́nrán náà ránṣẹ́ lè rò pé àánú ni òun ń ṣe. Ẹni tó gbà á ni yóò máa wò ó lóru.

Lẹ́yìn tí bọ́ǹbù dún níbi eré ìje Boston ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí Yunifásítì California ní Irvine fi ọ̀rọ̀ wá àgbàlagbà 4,675 lẹ́nu wò. Àbájáde wọn lọ́dún 2014 fi hàn pé àwọn tó fi wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ tẹ̀lé ìṣẹ̀lẹ̀ náà lórí tẹlifíṣọ̀n, rédíò àti íntánẹ́ẹ̀tì ní ìdààmú ọkàn ju àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ gan-an lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ọwọ́ tẹ afurasí ti Boston. Ní ti Kàdúná, ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ni àwọn 23 tó ṣẹ́kù tó gba ìtúsílẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà àti ọjọ́ díẹ̀.

Lára àmì ọgbẹ́ yìí ni àìrí oorun sùn, àyà tó ń já bí fóònù bá dún, àti ìran tó ń padà wá sọ́kàn láìpè é. Bí wọ́n bá kọjá oṣù kan, ó yẹ kí a rí dókítà. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún ìlera ọpọlọ wà ní Barnawa, ní Kàdúná. Ojú ń ti ọ̀pọ̀ láti lọ sí irú ibẹ̀ nítorí orúkọ “ilé wèrè” tí aráyé sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò rí oorun sùn kì í ṣe wèrè.

Lórí WhatsApp, ètò wà tí a fi lè dá àwòrán àti fọ́nrán dúró kí wọ́n má baà máa wọlé fúnra wọn. Nínú ẹbí tí wọ́n ti jí ènìyàn gbé, ó sàn kí wọ́n yan ẹnì kan tí yóò máa wo ohun tó bá jáde, tí yóò sì fi ẹnu sọ èyí tó yẹ fún àwọn yòókù. Ẹni náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ìyá tàbí ọkọ ẹni tó wà ní ìgbèkùn.