Aṣọ Ọkọ Ìyàwó: Ẹ Ro Ti Ooru Mọ́ Ọn

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin àgbà, aṣọ tí ọkọ ìyàwó máa wọ̀ ni mo gbé wá lónìí, torí ẹ̀yin lẹ sábà máa ń bá wọn yàn án. Ẹ má sọ pé kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ télọ̀. Ojú mi ló ṣe.

Nínú oṣù kẹta ọdún kan, mo lọ síbi ìdána kan níbí ní Àgbàdo. Abẹ́ kánópì ni wọ́n ti ṣe é, oòrùn sì mú janjan. Ọkọ ìyàwó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó wọ bùbá aṣọ òkè lé e, ó tún gbé agbádá aṣọ òkè rù, fìlà sì fún un lórí pinpin. Kò tíì fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, alága ìjókòó ní kò tíì tó. Nígbà tó máa dìde lẹ́ẹ̀kẹta, ó ṣubú lulẹ̀ gbì!

Ariwo ta. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Ìyá ìyàwó ń béèrè lábẹ́lẹ̀ bóyá wárápá ló ń ṣe ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ wárápá gan-an, àìsàn tó ní ìtọ́jú ni. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n dá ẹrù ìdána padà. A bọ́ agbádá àti fìlà, a tẹ́ ẹ sílẹ̀, a gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè, a ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀. Kò pẹ́ tó fi lajú. Ooru ni, kì í ṣe ayé.

Òógùn ni Ọlọ́run fi ń mú ara wa tutù. Ìgbà tí òógùn bá gbẹ lára ni ara tó ń rọ̀. Bí aṣọ bá nípọn, tó wà lórí ara wọn, òógùn ò ráyè gbẹ, omi ara ń dínkù, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó dé orí á wá sọ̀ kalẹ̀ sẹ́sẹ̀. Òòyì dé nìyẹn. Nǹkan bíi 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ooru ara ẹni tára ẹ̀ dá. Bó bá dé 40, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Mi ò ní ká má wọ aṣọ òkè o. Sányán, àlàárì àti ẹtù, iyì wa ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jẹ́ agbádá nìkan ni aṣọ òkè, kí bùbá abẹ́ ẹ̀ jẹ́ òwú fẹ́lẹ́. Bó bá ti dọ̀bálẹ̀ tán, kó bọ́ agbádá kó tó jókòó.

Ní ti kóòtù òyìnbó, ilẹ̀ òtútù ló ti wá. Ẹ yan èyí tí kò nípọn, kí ìka méjì lè wọ àárín ọrùn àti kọ́là. Bó bá jẹ́ aṣọ háyà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn, kí làpálàpá ẹlòmíì má baà ràn án.

Bàtà tuntun, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni kó ti máa wọ̀ ọ́ nílé. Ẹ̀yin bàbá ọkọ tẹ́ ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ má wọ bàtà tó fún rárá. Ó lè bó yín lẹ́sẹ̀, kẹ́ ẹ má mọ̀ ọ́n lára títí tí yóò fi di egbò.

Kó jẹun, kó mu omi dáadáa, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọ SS, torí ooru àti òǹgbẹ lè fa ìrora eegun fún un.

Bí ẹnì kan bá dákú, ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu. Bí kò bá tètè jí, tàbí tára ẹ̀ gbóná tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ máa da omi sí i lára, kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá.

Ọmọkùnrin ọjọ́sí ti di bàbá ọmọ méjì báyìí. Bó bá ti dé ilé àna ẹ̀, omi tútù ni ìyá ìyàwó kọ́kọ́ ń gbé fún un. Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá. Ẹni tó máa wọ aṣọ ni ká kọ́kọ́ tọ́jú.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.