EGUNGUN ỌMỌ WA KÌ Í ṢE ÒKÚTA

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé egungun dàbí ère òkúta Èsìẹ́, tí a gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí ó sì parí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ojoojúmọ́ ni ara ń wó egungun, tí ó sì ń tún un mọ. Bí èròjà ìmọlé bá wọ́n, egungun ọmọdé a rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì wọ́.

Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti ń sọ pé àìrí oòrùn, tí ń fún ara ní fítámì D, ni ó ń fa àrùn yìí. Ṣùgbọ́n ta ni kò rí oòrùn ní Òmù-Àrán? Ní ìlú Jos, Ọ̀mọ̀wé Tom Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ 24 tọ́jú ọmọ 123 tí àrùn náà ń ṣe. Wọ́n sì tẹ àbọ̀ jáde ní 1999. Nínú àwọn tí ó gba kálísíọ̀mù nìkan, 61 nínú 100 ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ san tán. Nínú àwọn tí ó gba fítámì D nìkan, 19 péré ni. Oúnjẹ ni ó kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ̀yin olùkọ́ ilẹ̀ Ìgbómìnà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ wíwọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, tàbí kí a di ẹ̀bi náà ru àjẹ́. Ẹ sọ fún àwọn òbí pé ẹ̀kọ àgbàdo nìkan kò tó; kí wọn fi wàrà àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun kún un, kí wọn sì tètè gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù tí ó bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi í léèrè ohun tí yóò bù sínú àwo ọmọ ilé-ìwé. Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.