ÀSỌTẸ́LẸ̀ ỌJÀ: BÍ A TI Í ṢE É ÀTI BÍ A TI Í DÁN AN WÒ

Nínú ìwé kàlẹ́ńdà ni a ti ń rí ọjọ́ tí òṣùpá yóò lé àti ọjọ́ tí yóò ràn mọ́jú, àwọn ọjọ́ wọ̀nyí kì í sì í yẹ̀. Nítorí náà ó rọrùn fún ènìyàn láti rò pé ohun gbogbo tí a bá tẹ̀ sínú ìwé níti ọdún tí ń bọ̀ ni ó ṣe é gbọ́kàn lé bákan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àwọn ilé ìfowópamọ́, ìwé ìròyìn àti àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé a máa kéde iye tí irè oko yóò jẹ́, bí owó ìlú yóò ti lágbára sí, àti bí ọjà yóò ti tà sí. Bí àgbẹ̀ kan bá gbọ́ irú èyí, tí ó fi oko rẹ̀ dógò láti yá owó, tí ìkórè sì dé tí iye tí a wí kò sí lọ́jà, ẹni tí ó sọ àsọtẹ́lẹ̀ náà kọ́ ni yóò san gbèsè. Ó yẹ nígbà náà kí olúkúlùkù mọ irú ohun tí àsọtẹ́lẹ̀ ọjà í ṣe, kí ó tó fi ohun ìní rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ìdí tí ọjà kò fi dàbí òṣùpá

Òṣùpá kì í gbọ́ ohun tí ènìyàn wí nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó pọ̀ tí ó di ọjà, ènìyàn a sì máa gbọ́. Bí a bá kéde pé kòkó yóò wọ́n, ẹni tí ó ní i lọ́wọ́ a dì í mú, ẹni tí ó ń fẹ́ ẹ a sáré rà á, iye a sì ti yí padà kí ọjọ́ tí a dá tó pé. Lẹ́yìn èyí, ohun tí ń gbé iye sókè tàbí tí ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ a máa ti ibi jíjìn wá, níbi tí ojú kò tó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tọ́ọ̀nù kòkó kan kò tó 3,000 dọ́là ní ọjà New York. Lẹ́yìn náà ni òjò àpọ̀jù, àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú, àti àrùn tí ń mú kí ẹ̀ka igi wú, bá oko jà ní Gánà àti Côte d'Ivoire, níbi tí èyí tí ó ju ìdajì kòkó gbogbo ayé ti ń wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kan ju 12,000 dọ́là lọ. Kí ọdún 2025 tó parí, iye náà ti tún wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì. Ẹni tí ó fi iye ọdún 2024 ṣe òṣùwọ̀n gbèsè tí yóò san ní ọdún 2025, ara rẹ̀ ni ó tàn jẹ.

Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá a máa ṣìnà

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1929, Irving Fisher, ọ̀jọ̀gbọ́n olókìkí ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, sọ ní gbangba pé iye tí a ń ta ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ti dé ibi gíga kan tí yóò dúró sí. Ní oṣù náà gan-an ni ọjà wó. Òṣùwọ̀n Dow Jones, tí ó jẹ́ 381 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, di 41 ní oṣù Keje ọdún 1932, Fisher fúnra rẹ̀ sì pàdánù ọrọ̀ rẹ̀.

Ọmọ Amẹ́ríkà mìíràn, Alfred Cowles, kò fi ẹnu jiyàn. Ó mú ìwé, ó sì gba ohun tí àwọn alásọtẹ́lẹ̀ wí láti ọdún 1928 títí dé àárín ọdún 1932, ó fi wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1933. Àwọn 24 tí wọ́n ń sọ bí ọjà yóò ti lọ kò ṣe tó ohun tí ẹni tí ó kàn ń yàn láìwòye ìbá rí. Nǹkan bí 4 nínú 100 lọ́dọọdún ni wọ́n fi dín. Cowles tún fa káàdì bí ẹni tí ń ṣẹ́ kèké, ó sì rí i pé àwọn tí ó mókè jù nínú àwọn alásọtẹ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju káàdì tí ó bọ́ sí i jù lọ. Ẹ̀kọ́ inú èyí ni pé nígbà tí ènìyàn púpọ̀ bá ń sọ̀rọ̀, ẹnìkan kò ní ṣàì bọ́ sí i, bí kò tilẹ̀ mọ nǹkan kan.

Àsọtẹ́lẹ̀ tí ó ṣe é wọ̀n

“Kòkó yóò wọ́n” kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀, nítorí kò sí ọjọ́ tí a lè mú ẹni tí ó wí i. Àsọtẹ́lẹ̀ tòótọ́ ní ohun mẹ́rin: iye pàtó, ọjọ́ tí yóò pé, bí ó ti dá ẹni tí ó sọ ọ́ lójú tó nínú 10, àti ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti kọjá ni kí a ti bẹ̀rẹ̀: nínú ọdún 10 sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀melòó ni iye ju ti ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ? Lẹ́yìn náà ni kí a wo ohun tuntun tí ó dé.

Níti ìdájọ́, Glenn Brier, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà, tẹ ìlànà kan jáde ní ọdún 1950 fún àwọn tí ń sọ bóyá òjò yóò rọ̀. Ó sì bá ọ̀rọ̀ ọjà mu pẹ̀lú. A lè ṣe é báyìí. Bí ẹnìkan bá wí pé ó dá òun lójú tó 8 nínú 10, tí ó sì ṣẹ, ó kù 2 kí ó pé 10. 2 ní ìlọ́po 2 jẹ́ 4. Bí kò bá ṣẹ, 8 ni ó fi ṣìnà. 8 ní ìlọ́po 8 jẹ́ 64. Ẹni tí ó ń wí 5 nínú 10 nígbà gbogbo yóò gba 25, bí ó ṣẹ, bí kò ṣẹ. Ẹni tí ó bá búra pé 10 nínú 10 ni, tí kò sì ṣẹ, gba 100. Ní òpin, a ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó sì fi iye àsọtẹ́lẹ̀ pín in. Ẹni tí tirẹ̀ kéré jù ni ó mọ̀ jù. Ẹni tí tirẹ̀ bá ju 25 lọ, ìbá sàn kí ó dákẹ́.

Kí a má ṣe fi àsọtẹ́lẹ̀ kan ṣoṣo dá ènìyàn lẹ́jọ́. Ní oṣù Kínní ọdún 2020, Àjọ Owó Àgbáyé wí pé ọrọ̀ ajé gbogbo ayé yóò fi 3.3 nínú 100 pọ̀ sí i ní ọdún náà. Àrùn Kòrónà dé, ó ti ilé ìtajà àti èbúté, ọrọ̀ ajé sì fi nǹkan bí 3 nínú 100 dínkù. Ìṣirò wọn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba iye kan ṣoṣo bí ohun tí kò lè yẹ̀ ni ó jìyà jù.

Ohun tí àgbẹ̀ lè ṣe

Ní oṣù Kínní, kí ó kọ àsọtẹ́lẹ̀ márùn-ún sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà rẹ̀, tirẹ̀ àti ti àwọn tí ó ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, pẹ̀lú ohun mẹ́rin tí a kà sókè yìí. Kí ó má ṣe pa á rẹ́, kí ó má sì tún un kọ. Bí ohun tuntun bá dé láàárín ọdún, kí ó kọ òmíràn sí abẹ́ ti àkọ́kọ́, nítorí àwọn àgbà ti wí pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Ní òpin oṣù Kejìlá, kí ó ṣí i, kí ó ṣírò rẹ̀. Bí ó bá ṣe èyí ní ọdún bíi mélòó kan, yóò mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́ sí ìgbàgbọ́, yóò sì mọ ara rẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ó tó di ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yáwó lé ìkórè tí ń bọ̀, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé: bí iye tí a wí bá já sí ìdajì, ǹjẹ́ gbèsè yìí yóò ṣe é san láìta oko? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, kí ó dín owó tí yóò yá kù.